Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Sunkún Nítorí Ilé?

Kò sí ọdún kan tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, tí ẹ̀fúùfù líle tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ kì í ká òrùlé àwọn kan lọ ní àgbègbè wa. Ní ọdún kan, ilé ìyá àgbà kan nínú ìjọ yìí ni ó kàn. Páànù rẹ̀ lọ, ògiri yàrá méjì sì wó tẹ̀ lé e. Àwa mélòó kan lọ kí i ní ọjọ́ kejì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a wí fún un pé, "Màmá, ẹ ṣọpẹ́ o. Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìyá náà wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Agbè kò fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pọn omi náà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Òwe rere ni òwe tí a pa fún un. Òun ni a fi máa ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá yè. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yìí jẹ́ kí n mọ̀ pé a lè yára pa òwe rere jù. Ohùn méjì ni ẹni tí ilé rẹ̀ wó máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń sọ fún un pé kí ó dúpẹ́ nítorí ẹ̀mí rẹ̀, èkejì ń sunkún nínú rẹ̀ nítorí igi, búlọ́ọ̀kù àti páànù. Ojú a sì máa tì í fún ẹkún náà, bí ẹni pé aláìmoore ni òun níwájú Ọlọ́run. Ǹjẹ́ aláìmoore ni bí? Àti pé nígbà tí ó bá nu ojú rẹ̀ tán, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó padà síbi tí ilé náà wà kí ó tún un kọ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé etí òkun ni, tí òkun kò sì tíì lọ síbì kankan?

Kí n má bàa máa sọ̀rọ̀ lásán, ìlú kan ni n ó mú, èyí tí ó ti ń bá ìbéèrè méjèèjì yìí wọ̀yá ìjà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Galveston ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni a ti dá àgbègbè Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Texas, ní ọdún 1847, nítorí náà ìpín ńlá ni ìjọ Àgùdà ní nínú ayọ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀. Ìjì tí ó máa ń bà á jẹ́ kì í sì í ṣe àlejò sí wa pátápátá. Púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní họ́ríkéènì ni ó jẹ́ pé orí ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni ẹ̀fúùfù wọn ti kọ́kọ́ ń rú sókè, tí í sì í jáde sójú òkun ní ìhà erékùṣù Cape Verde, ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Bí ó bá bá omi òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàdé, ooru omi náà ni oúnjẹ rẹ̀. A máa yí bí òòyì, a máa gbòòrò sí i lójoojúmọ́, títí yóò fi kan ilẹ̀ ní Kúbà tàbí ní Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ a máa wó ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi òkun tí ó ń tì bọ̀ níwájú ara rẹ̀ ni í pa ènìyàn jù lọ.

Erékùṣù iyanrìn gbọọrọ ni Galveston, òkun Mẹ́síkò wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ti Èkó. Ní ọdún 1900, àwọn olùgbé rẹ̀ tó 38,000. Ìlú ọlọ́rọ̀ ni. Èbúté rẹ̀ ni a ti ń kó òwú lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn etí òkun rẹ̀ púpọ̀, wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ga jù lọ ní gbogbo ìlú náà kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9 sí ojú òkun.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún Ìbí Màríà Wúndíá, omi òkun gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 15 lọ, ó sì bo gbogbo erékùṣù náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó lé ní 3,600 ilé tí ó ti wó. Iye àwọn tí ó kú kò kéré sí 6,000. Àwọn mìíràn kà á sí 8,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní olónìí, kò sí ìjì, kò sí iná, kò sí ilẹ̀ ríri tí ó tíì pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àwọn Sístà ti Ìfẹ́ tí à ń pè ní ti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Di Ara ní ilé ọmọ òrukàn kan létí òkun, lẹ́yìn ìlú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ilé náà fi wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ lè tètè sọ pé kí ni wọ́n ń wá létí omi. Ibà pọ́njú ni ó ń pa ènìyàn nínú ìlú ní ìgbà náà, àwọn Sístà sì kó àwọn ọmọ jáde lọ síbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, kí àìsàn má bàa ràn wọ́n. Ọgbọ́n àti ìfẹ́ ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ ìjì náà, ọmọ 93 àti Sístà 10 ni ó wà nínú ilé. Nígbà tí omi ń wọlé, wọ́n kó gbogbo ọmọ lọ sí ilé àwọn ọmọbìnrin, nítorí òun ni ó lágbára jù, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kọ orin kan sí Màríà, Ayaba Ìgbì Omi. Wọ́n mú okùn tí a fi ń sá aṣọ wá. Sístà kọ̀ọ̀kan so àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ara rẹ̀, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kí ìgbì má bàa gbé wọn lọ. Ilé náà wó. Ọmọkùnrin mẹ́ta péré ni ó yè, tí wọ́n rọ̀ mọ́ igi kan lójú omi. Nígbà tí a rí òkú àwọn Sístà, okùn náà ṣì wà ní ìbàdí wọn, àwọn ọmọ sì ṣì wà lára okùn.

Mo mọ̀ pé ní ọkàn àwọn kan nínú wa, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ dìde ni pé: ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? N kò ní pẹ́ lórí èyí. Jóòbù olódodo ni, ẹ̀fúùfù ni ó sì kọ lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà tí ó fi wó pa wọ́n. Nígbà tí ilé ìṣọ́ wó pa ènìyàn 18 ní Sílóámù, Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ̀ láti gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí ó bá lè wo ọmọ òrukàn 90 nínú okùn kí ó sì máa sọ̀rọ̀ ìjìyà, ó kù sí òun àti Ọlọ́run rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn yóò mú òwe Olúwa wa nípa ilé orí iyanrìn àti ilé orí àpáta wá. Wọn yóò ní, "Iyanrìn ni wọ́n kọ́lé sí; kí ni a tún ń wá kiri?" Ó dà bí ẹni pé òwe náà bá a mu gẹ́lẹ́. Èmi pẹ̀lú rò pé ó bá a mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà tí wọ́n fi mú un. Ẹ tún un kà dáadáa. Ọ̀rọ̀ yíyan ilẹ̀ kọ́ ni Olúwa wa ń sọ. Ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò sì ṣe é ni ó ń bá wí. Àwọn ará Galveston sì ti gbọ́.

Wọ́n ti gbọ́ láti ẹnu ìlú kan tí ó wà ní etí òkun kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Indianola. Ìjì ńlá kan bà á jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1875, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n tún un kọ́. Òmíràn dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1886, iná sì tún ràn mọ́ ọn, àwọn tí ó ṣẹ́ kù bá kó ẹrù wọn lọ. Nígbà tí ìròyìn yìí dé Galveston, ẹ̀rù bà wọ́n. Àwọn olówò ìlú sọ pé kí a mọ odi tí yóò dá òkun dúró. Ọ̀rọ̀ náà jóná bí iná koríko, ó sì kú bí iná koríko. Ní ọdún 1891, Isaac Cline, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń wo ojú ọjọ́ ní ìlú náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò sí ìjì tí ó lè ṣe Galveston ní ìjàǹbá ńlá, àti pé ẹni tí ó ń rò bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ní ọdún 1900 bákan náà, àwọn tí ń wo ojú ọjọ́ ní Havana, ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí àwọn Fadá Jésúíìtì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣe àwọn ìjì wọ̀nyí, rò pé ìhà Texas ni ìjì náà ń lọ. Àwọn ti Washington gbà pé Florida ni yóò gbà kọjá, wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ àwọn ará Kúbà sí. Ìyàwó Cline alára wà lára àwọn tí ó kú. N kò sọ èyí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kọ́ nípa ìjì, kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wá ẹ̀ṣẹ̀, a kò ní rí i nínú ìjì. Inú ọdún mẹ́rìnlá tí ó wà láàárín 1886 àti 1900 ni ó wà, nígbà tí ojú ọjọ́ dára, tí owó sì ń wọlé.

Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tún wà lẹ́yìn ìjì náà, tí àwọn tí ń ròyìn akọni Galveston kì í fẹ́ràn láti mẹ́nu kàn. Òkú pọ̀ jù fún ibojì, wọ́n sì pinnu láti kó wọn lọ sójú òkun nínú ọkọ̀ ẹrù. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni a fi ìbọn kó, ọmọ àwọn ẹrú tí a gbé kọjá òkun kan náà. Ilé tiwọn náà ti wó. Òkú tiwọn náà wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ti sunkún tán. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, òkun dá àwọn òkú náà padà sí etíkun, wọ́n sì sun wọ́n níná. Mo mú un wá síhìn-ín nítorí pé bí àjálù bá dé, kì í tẹ gbogbo orùn lọ́gbọọgba. Ẹni tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a tún ń pè kí ó wá gbé èyí tí ó wúwo jù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wa. Kí ni ènìyàn ń sunkún fún nígbà tí ilé bá wó? Bí ó bá jẹ́ owó ni, owó kan náà tí olè gbé kì í dunni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, ìjì mìíràn tí à ń pè ní Ike dé Galveston àti ìyawọ̀ ilẹ̀ Bolivar tí ó dojú kọ ọ́. Ní ìletò kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Gilchrist, ìjì náà gbá ilé lọ kanlẹ̀, kò fi ilé kankan sílẹ̀ lápá ibẹ̀ létí òkun àfi ẹyọ kan. Ìjì Rita ti 2005 ti ba ti àtijọ́ jẹ́ fún àwọn onílé náà, wọ́n sì ti fi ọgbọ́n gbé tuntun sórí òpó gíga. A ya àwòrán rẹ̀ láti òfuurufú, àwòrán náà sì kárí ayé: ilé kan ṣoṣo lórí iyanrìn, láìsí ọ̀nà, láìsí ọgbà, láìsí ilé aládùúgbò lọ́tùn-ún tàbí lósì. Gbogbo ayé ní oríire ni. Èmi wo àwòrán náà títí, ó sì dà bí ohun ìbànújẹ́ lójú mi. Ta ni onílé náà yóò kí ní òwúrọ̀? Ta ni yóò yá ní iná tàbí iyọ̀? Ọmọ ta ni yóò gba abẹ́ òpó rẹ̀ sáré lọ sí òkun?

Èyí ni mo rò pé ìyá àgbà wa mọ̀ tí àwa tí a lọ kí i kò mọ̀. Yàrá tí ó wó yẹn, inú rẹ̀ ni ó bí ọmọ sí, inú rẹ̀ ni ó ti tọ́jú ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Ògiri ni ó ń bá a rántí. Nígbà tí ògiri lọ, ó di dandan kí òun nìkan máa dá rántí. Ti etí òkun náà kò yàtọ̀: ẹni tí a kọ́ ní òdò wíwẹ̀ ní ibì kan, tí ó ti bá baba rẹ̀ ju àwọ̀n níbẹ̀, bí iyanrìn ibẹ̀ bá lọ, apá kan nínú ìtàn baba rẹ̀ ti bá a lọ. Olúwa wa mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde láìpẹ́ ọjọ́, síbẹ̀ ó sunkún. Bí ìrètí àjíǹde kò bá ka ẹkún léèwọ̀ fún un, n kò rí ìdí tí ọpẹ́ fún ẹ̀mí fi gbọ́dọ̀ kà á léèwọ̀ fún wa. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní ọjọ́ méje tí wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ó le jù. Lẹ́yìn ẹkún, ǹjẹ́ kí á padà?

Galveston padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe padà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1902 títí dé 1904, wọ́n fi kọnkéré mọ odi kan tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17, tí gígùn rẹ̀ lé ní máìlì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fà á gùn sí i, títí ó fi lé ní máìlì mẹ́wàá. Odi nìkan kò tó wọn. Láti ọdún 1903 títí di 1911, wọ́n gbé ìlú náà fúnra rẹ̀ sókè. Wọ́n fi jáàkì gbé ilé tí ó lé ní 2,000 kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa iyanrìn àti omi láti inú òkun wá dà sí abẹ́ wọn. Ìjọ Àgùdà ti Pátíríkì Mímọ́, tí ìwúwo rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 3,000, wọ́n fi jáàkì 700 gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, wọ́n sì ń rú ẹbọ Mísà nínú rẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Fún ọdún mẹ́jọ ni àwọn ènìyàn fi ń rìn lórí pákó lókè ẹrẹ̀. Ọgbà wọn kú, igi wọn kú, nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú iyanrìn náà. Ìjọba ni ó san owó odi àti iyanrìn, ṣùgbọ́n onílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń san owó gbígbé ilé tirẹ̀, èyí kò sì rọrùn fún tálákà. Ìjì tí ó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1915 lágbára bíi ti àkọ́kọ́. Odi dúró, ènìyàn díẹ̀ ni ó kú nínú ìlú.

Ṣé iṣẹ́ rere ni? Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀ ó ní iye tí a san fún un. Odi a máa dá omi dúró, ṣùgbọ́n ìgbì tí ó bá kọ lù ú a máa padà pẹ̀lú iyanrìn tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Etí òkun fífẹ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn tóbẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tín-ín-rín. Ní ibi púpọ̀, òkúta ńlá ni ó kù níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní láti máa ra iyanrìn wá dà síbẹ̀. Wọ́n ti ṣe pàṣípààrọ̀: wọ́n fi etí òkun ra ilé. Mo gbà pé ó tọ́, nítorí ẹ̀mí ọmọ wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ pé ẹni tí ó padà sílé ti rí ohun gbogbo gbà padà. Ní ọdún 2008 pàápàá, odi náà dúró gírígírí, omi sì gba ẹ̀yìn, láti ọ̀sà, wọ inú ìlú.

Ǹjẹ́ àwọn ará Indianola tí wọ́n lọ ńkọ́? Ṣé wọn kò fẹ́ràn ìlú wọn? Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dán an wò lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́. N kò rò pé ó yẹ kí a pè wọ́n ní ojo. Òkun ti gba ibi tí ilé ẹjọ́ wọn wà tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà tiwa yìí, ní Louisiana, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan wà ní erékùṣù kékeré tí ń jẹ́ Isle de Jean Charles. Láti ọdún 1955, bíi ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn ni omi ti jẹ, nítorí ìjì, nítorí òkun tí ń gòkè, àti nítorí ọ̀nà omi tí àwọn tí ń wa epo gbẹ́ káàkiri. Ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ya mílíọ̀nù 48 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi kó wọn lọ sí ibi gíga. Kí wọ́n tó kó lọ, ìjì Ida ti 2021 tún bá ilé wọn jà. Ní ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé tuntun, ní bíi máìlì 40 sí òkun. Àwọn kan kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fi ibojì baba àwọn sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe yára sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni èyí. Ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tiwa, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 tí gbogbo ayé ń wá wò nítorí ìṣọ̀kan rẹ̀, kò sí họ́ríkéènì níbẹ̀, síbẹ̀ òkun ti gbé ilé púpọ̀ lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà: ká dúró, tàbí ká lọ?

Ohun tí mo lè sọ kò pọ̀. Ìfẹ́ sí ilẹ̀ ẹni dára, ṣùgbọ́n ó ní ìbéjì kan tí ó jọ ọ́ púpọ̀, agídí ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi dá wọn mọ̀ ni kí a béèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ dúró síbi tí omi ti ń bọ̀, tí ó mọ̀, tí ó sì ti gbà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò lè wẹ̀ ni ó fi ń dúró, tàbí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ wá gbà á là ní òru, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú ẹni tí ó bá fẹ́ lọ: bí ó bá lówó láti lọ, tí ó sì fi aládùúgbò rẹ̀ tí kò lówó sílẹ̀ sínú omi, kí ó má pe ìyẹn ní ọgbọ́n. N kò lè dá àwọn Sístà ti Galveston lẹ́jọ́ nítorí okùn wọn. Àwọn kan ti sọ pé okùn náà ni ó mú kí gbogbo wọn rì pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbàdí ara wọn ni wọ́n so ó mọ́, wọn kò so ó mọ́ òpó kan kí wọ́n sì sá lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa igi. Lẹ́yìn tí iyanrìn oníyọ̀ ti pa gbogbo igi Galveston nígbà tí wọ́n ń gbé ìlú sókè, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú náà gbin òmíràn, pàápàá àwọn igi óòkù, sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igi náà dàgbà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ń ṣíji bo àwọn ọmọ ọmọ wọn. Omi oníyọ̀ ti ìjì Ike pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ní ọdún 2008. Nígbà tí a gé wọn, àwọn kan nínú àwọn onílé kò jẹ́ kí a hú gbòǹgbò tó kù. Wọ́n pe agbẹ́gilére wá, ó sì gbẹ́ kùkùté igi náà sí ẹyẹ, sí ajá, sí ẹja, níbi tí ó gbé dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n sì gbin igi tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kàtídrà Màríà Mímọ́, tí ìjì 1900 kò lè wó, bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a tì í pa. Ọdún 2014 ni a tó tún un ṣí. Ìjọ mẹ́fà tí ó wà ní àgbègbè náà di ìjọ kan ṣoṣo ní ọdún 2009, kò sì sí iyèméjì pé àwọn kan sunkún nítorí pẹpẹ tí wọ́n ti gba Ìwẹ̀rí níwájú rẹ̀.

Ní ọdún 1994, a gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi òkun náà, níbi tí ilé ọmọ òrukàn wà tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, níbikíbi tí àwọn Sístà ẹgbẹ́ yẹn bá wà ní ayé, wọ́n ń kọ orin tí àwọn ọmọ náà ń kọ nígbà tí omi ń gòkè. Orin kan náà ni, wọn kò yí i padà.